Ojú Ìjórin Páìpù Sténléèsì Ńlá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Béèrè

Ìwé yìí ń pe páìpù sténléèsì ní ńlá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju ínǹṣì 14 lọ, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ sókè ni ó ti ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí èyí tí wọ́n fà jáde lódindi láìní ojú ìjórin. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń ká irin pẹlẹbẹ títí tí etí rẹ̀ méjèèjì yóò fi pàdé, wọn a sì fi iná yọ́ etí méjèèjì pọ̀ láti ẹnu kan páìpù dé ẹnu kejì. Ibi tí irin ti yọ́ pọ̀ yìí ni ojú ìjórin, èyí tí ó sì na báyìí ni ìwé yìí yóò máa pè ní ojú ìjórin gbọọrọ. Nígbà tí páìpù bá dé ibi iṣẹ́, tí àwọn wẹ́dà sì jó ọ̀kan mọ́ èkejì, òmíràn yóò tún jáde tí ó yí páìpù po, òun sì ni ojú ìjórin àyípo. Àwọn méjèèjì jọra lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jó wọn yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti jó wọn yàtọ̀, ẹrù tí wọ́n ń gbé kò dọ́gba, ìwé òfin tí ó ń darí wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Ojú ìjórin gbọọrọ ni ó ń gbé ẹrù tí ó wúwo jù. Bí omi tàbí gáàsì inú páìpù bá ń ti ara páìpù síta, ipá tí ó fẹ́ la páìpù ní gbọọrọ jẹ́ ìlọ́po méjì ipá tí ó fẹ́ fa páìpù já sí méjì, èyí tí ó fi jẹ́ pé àbùkù tí ojú ìjórin àyípo lè gbà mọ́ra lè di ewu gidi lára ojú ìjórin gbọọrọ. Àwọn tí ó kọ ìwé òfin mọ èyí, wọ́n sì ti pèsè sílẹ̀ fún un dáadáa. Ohun tí wọn kò pèsè sílẹ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ojú ìjórin sténléèsì tí ó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò bàjẹ́ nítorí àìlágbára. Inú páìpù ni ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n, ní apá ibi tí wẹ́dà kò fojú rí nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, olùrà tí ó bá kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé kí iṣẹ́ náà bá òfin mu, tí kò sì kọ ohun mìíràn sí i, ti ra agbára, ṣùgbọ́n kò tíì ra sténléèsì ní ti gidi.

Ìwé òṣùwọ̀n mẹ́ta ni olùrà yóò sábà bá pàdé, gbogbo wọn sì jẹ́ ti ASTM, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe òṣùwọ̀n fún ohun èlò ní Amẹ́ríkà. Èkíní ni A312, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yọ́ etí irin méjèèjì pọ̀ láìfi irin mìíràn kún un. Ìwé yìí gba ojú ìjórin gbọọrọ méjì lára páìpù kan tí ó bá ju ínǹṣì 14 lọ, bí olùrà bá fọwọ́ sí i. Èkejì ni A358, tí ó wà fún páìpù tí wọ́n fi wáyà àfikún jó, ìyẹn wáyà irin tí ó ń yọ́ sínú àlàfo tí ó wà láàárín etí méjèèjì, òun sì ni ó yẹ jù fún páìpù ńlá tí ara rẹ̀ nípọn. Ẹ̀kẹta ni A409, tí ó wà fún páìpù fẹ́lẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ínǹṣì 14 dé 30, níbi tí ojú ìjórin ti lè lọ tààrà tàbí kí ó lọ́ yípo ara páìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀.

A358 ni ó gba àlàyé púpọ̀ jù, nítorí pé ó pín páìpù sí kíláàsì márùn-ún, ẹni tí ó bá sì gbàgbé láti dárúkọ kíláàsì kò tíì sọ ohun tí ó fẹ́ rà. Ní kíláàsì 1, wọ́n jó o nínú, wọ́n jó o lóde, wọ́n fi wáyà àfikún sí gbogbo ìpele, wọ́n sì ya gbogbo gígùn ojú ìjórin ní fọ́tò X-ray. Kíláàsì 2 dà bí ti 1 nínú ohun gbogbo, àfi pé kò sí fọ́tò. Kíláàsì 3 ni èyí tí wọ́n jó láti apá kan ṣoṣo pẹ̀lú fọ́tò lórí gbogbo rẹ̀. Kíláàsì 4 kò yàtọ̀ sí i, àyàfi pé ìpele tí ó kọjú sí inú páìpù lè wà láìní wáyà àfikún. Kíláàsì 5 ni wọ́n jó nínú àti lóde, ṣùgbọ́n ibì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yà ní fọ́tò. Láàárín kíláàsì 1 àti 2, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán sọ ìyàtọ̀ bí páìpù bá ti dé orí ilẹ̀. Inú ìwé ẹ̀rí ni ìyàtọ̀ náà wà, inú owó náà sì ni.

Ìyàtọ̀ yìí a máa wọ inú ìṣirò tààrà. ASME B31.3, ìwé òfin Amẹ́ríkà fún páìpù ilé-iṣẹ́ ìfọpo àti ti kẹ́míkà, fún ojú ìjórin gbọọrọ ní nọ́ńbà ìgbẹ́kẹ̀lé kan tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní E, tí ó ń sọ ìdá mélòó nínú agbára irin ni ẹnjiníà lè gbójú lé. Ojú ìjórin tí wọ́n jó láti apá kan láìsí fọ́tò gba 0.80, èyí tí wọ́n jó láti apá méjèèjì láìsí fọ́tò gba 0.85, bí wọ́n bá ya fọ́tò ibì kọ̀ọ̀kan, yóò di 0.90, bí wọ́n bá sì ya gbogbo rẹ̀, yóò di 1.00. Fún àpẹẹrẹ, kí ènìyàn mú páìpù ínǹṣì 24, tí ó jẹ́ mílímítà 610 láti etí òde dé etí òde, tí wọ́n fi sténléèsì 304L ṣe, tí yóò sì gbé ìfúnpá 2 MPa, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po ogún ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, láìgbóná ju bí ojú ọjọ́ ṣe ń gbóná lọ. Ipá tí òfin gbà kí 304L gbé níbẹ̀ jẹ́ 115 MPa. Bí E bá jẹ́ 0.80, ìṣirò yóò béèrè ara páìpù tí ó nípọn tó mílímítà 6.6, bí E bá jẹ́ 1.00, 5.3 ti tó. Ọ̀kan nínú ìnípọn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà fún páìpù yìí, tí wọ́n ń pè ní 10S, jẹ́ mílímítà 6.35, ìwọ̀n tí ó tẹ̀lé e nínú ìlà òṣùwọ̀n kan náà, 40S, sì jẹ́ 9.53. Èyí túmọ̀ sí pé fọ́tò X-ray nìkan ni ó ń pinnu bóyá 10S yóò ṣiṣẹ́, tàbí bóyá olùrà yóò san owó irin tí ó tún fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kódà bí ara páìpù bá fi ìdá 12.5 nínú 100 fẹ́lẹ́ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí A312 ti gbà, yóò ṣì ku mílímítà 5.56, èyí tí ó kọjá 5.3. Ẹni tí ó bá yẹra fún owó fọ́tò láìṣe irú ìṣirò yìí lè na ìlọ́po rẹ̀ lórí irin.

Ọ̀rọ̀ agbára parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpẹtà ni ó gùn. Sténléèsì kò dípẹtà nítorí kírómíọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó gbọ́dọ̀ tó ìdá 10.5 nínú 100 ó kéré tán, tí ó sì máa ń tó 18 nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní 304, pẹ̀lú níkẹ́lì tí ó tó ìdá 8. Kírómíọ̀mù yìí ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ṣe awọ tín-ín-rín kan tí ojú kò lè rí, awọ náà ni ó ń dáàbò bo irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, bí nǹkan bá sì ha á, yóò tún ara rẹ̀ hù. Oríṣi 316 ní mọ́líbídẹ́nọ̀mù ìdá 2 sí 3 nínú 100 ní àfikún, èyí tí ó mú kí ó dúró dáadáa níwájú iyọ̀. Ilé-iṣẹ́ Krupp ní Essen, ní Jámánì, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irin oníkírómíọ̀mù àti níkẹ́lì ní 1912, láti ìgbà náà wá sì ni ìṣòro kan ti ń bá àwọn tí ó ń jó o fínra: iná ìjórin lè gba kírómíọ̀mù yìí kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà ṣe é. Èkíní ni pé bí irin bá wà láàárín 425°C àti 870°C fún ìgbà díẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ yóò gbá kírómíọ̀mù mú ní ààlà tí ó wà láàárín hóró irin kan àti èkejì, agbègbè ààlà náà yóò sì di aláìní, débi pé ìpẹtà lè gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni gba ọ̀nà àárín ilé méjì. Apá kan wà nítòsí gbogbo ojú ìjórin tí ó gbọ́dọ̀ la ìwọ̀n ìgbóná yìí kọjá, bí ó ti wù kí wẹ́dà mọṣẹ́ tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo oríṣi tí lẹ́tà L tẹ̀lé orúkọ rẹ̀, bí 304L tàbí 316L, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 0.03 nínú 100 lọ. Ìdí náà nìyí tí oríṣi 321 fi ní títéníọ̀mù tí 347 sì ní níóbíọ̀mù, nítorí pé àwọn méjèèjì ń gbá kábọ́ọ̀nù mú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ kírómíọ̀mù. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe páìpù tún lè gbé odindi páìpù sínú iná tí kò dín ní 1040°C, kí ó sì tètè mú un tutù, èyí tí yóò tú kírómíọ̀mù tí a ti gbá mú sílẹ̀. Olùrà gbọ́dọ̀ béèrè bóyá wọ́n ṣe èyí lẹ́yìn tí wọ́n jó ojú ìjórin gbọọrọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe é fún ojú ìjórin àyípo ní ibi iṣẹ́.

Ẹ̀tàn ọjà wà nídìí èyí. Òòfà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń dán sténléèsì wò kò lè ya 304 sọ́tọ̀ kúrò lára 316, kò sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oríṣi 201 tí wọ́n fi máńgánísì dín níkẹ́lì rẹ̀ kù, tí ó wọ́pọ̀ lára ọwọ́ àtẹ̀gùn àti géètì. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fi X-ray ka ohun tí ó wà nínú irin lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ka kábọ́ọ̀nù, nítorí náà 304 àti 304L yóò jọra lójú rẹ̀ bí ìbejì. Ẹ̀rọ tí ń fi ìpẹ́pẹ́ iná jó ojú irin díẹ̀, tí ó sì ń ka ìmọ́lẹ̀ tí ó jáde, ni ó lè ka kábọ́ọ̀nù. Òun ni kí olùrà béèrè fún bí lẹ́tà L bá ṣe pàtàkì sí i.

Ọ̀nà kejì tí iná ń gbà jí kírómíọ̀mù ni èyí tí àwọn ìwé òfin kò sọ̀rọ̀ lé púpọ̀, òun sì ni ó yẹ kí ó gba àkókò olùyẹ̀wò jù. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù nígbà tí irin ń yọ́, ọ́síjìn yóò bá kírómíọ̀mù tí ó wà lójú irin jó, inú ojú ìjórin yóò sì di dúdú tàbí kí ó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele tín-ín-rín kan yóò sì wà tí kírómíọ̀mù rẹ̀ ti dínkù. Fọ́tò X-ray lè gbà á wọlé, omi ìdánwò tí wọ́n ń fi ìfúnpá kún inú páìpù lè gbà á wọlé, kí ó sì lu lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti dènà èyí ni pé kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù, kí wọ́n sì fi gáàsì ágọ́nì, tí kì í bá ohunkóhun jó, rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó tan iná.

Fún páìpù kékeré, èyí kò le. Fún páìpù ńlá, ìṣirò ni. Inú páìpù ínǹṣì 24 tí ara rẹ̀ jẹ́ 10S gba nǹkan bí lítà 280 ní mítà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ kí gáàsì pààrọ̀ inú páìpù ní ìgbà márùn-ún, èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn síbẹ̀, páìpù kan tí ó gùn ní mítà 12 yóò jẹ nǹkan bí lítà 16,800, nígbà tí sílíńdà ńlá kan kò gbà ju bí 10,000 lọ. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdènà méjì sínú páìpù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì mítà sí ojú ìjórin, kí ó jẹ́ pé mítà kan péré ni wọn yóò kún: lítà 1,400, tí yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 70 bí gáàsì bá ń wọlé ní lítà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdènà náà lè jẹ́ àpò rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́fẹ̀ẹ́, tí wọn yóò fà jáde lẹ́yìn iṣẹ́. Níbi tí ọwọ́ kò bá ti ní lè dé e mọ́, ìwé tí ń yọ́ nínú omi ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù, tí omi ìdánwò yóò sì fọ̀ dànù. Ihò kékeré gbọ́dọ̀ wà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde, láìṣe bẹ́ẹ̀ ìfúnpá gáàsì yóò ti irin yíyọ́ padà síta. Ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn ni ó gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí wẹ́dà lè bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aago, ìdá 0.1 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ gbà ní òpin òkè, ṣùgbọ́n fún omi oníyọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ oògùn, ó tọ́ kí olùrà béèrè ohun tí ó kéré sí i gan-an. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ pa gáàsì náà lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́, nítorí pé ooru ìpele kejì àti ìkẹta ṣì lè dé inú páìpù fẹ́lẹ́.

Ágọ́nì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Inú páìpù ínǹṣì 24 tóbi tó kí ènìyàn rá wọ̀ ọ́ láti lọ yẹ ojú ìjórin wò, ẹni tí ó bá sì wọlé nígbà tí ágọ́nì ṣì wà níbẹ̀ lè dákú kí ó tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti tán. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti fi hàn pé ọ́síjìn inú rẹ̀ kò dín ní ìdá 19.5 nínú 100, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu páìpù tí kò ní wọlé lọ gbà á bí ó bá ṣubú, bí kò ṣe pé kí ó fi okùn fà á jáde.

Àwọ̀ ni ó ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ. Ojú ìjórin tí ó tàn bí fàdákà tàbí tí ó ní àwọ̀ koríko gbígbẹ díẹ̀ dára. Èyí tí ó bá ti ní àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ aró ti gba ọ́síjìn jù. Àwọ̀ eérú àti dúdú kò ní àwíjàre. Ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìwé kan, AWS D18.2, tí ó to àwòrán inú páìpù sénu ìlà gẹ́gẹ́ bí ọ́síjìn inú gáàsì ṣe ń pọ̀ sí i, láti ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan dé 25,000. Olùrà tí ó bá mú nọ́ńbà àwòrán kan níbẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀, ti fi òpin sí iyàn jíjà ní ibi iṣẹ́. Àwọ̀ tí ó bá sì wà níta tàbí nínú ṣeé bọ́ kúrò pẹ̀lú ásíìdì, nítríìkì tí wọ́n po mọ́ háídírófúlórìkì, gẹ́gẹ́ bí ASTM A380 ti ṣàlàyé, nítorí pé ásíìdì yìí ń jẹ àwọ̀ náà àti ìpele aláìní kírómíọ̀mù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Fífi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á lásán yóò mú kí ó dán, ṣùgbọ́n ìpele aláìní náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Ásíìdì háídírófúlórìkì a máa wọ awọ ara lọ dé egungun láìtètè dunni, nítorí náà, ìpara kálísíọ̀mù glúkónéètì gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí wọ́n tó ṣí ìdérí rẹ̀.

Nípa wáyà àfikún, òfin rẹ̀ rọrùn: ER308L fún 304L, ER316L fún 316L, ER309L níbi tí sténléèsì bá ti fẹ́ pàdé irin lásán. Ohun tí ó fara sin níbẹ̀ ni fẹ́ráìtì, oríṣi ètò hóró irin kan tí ó gbọ́dọ̀ wà díẹ̀ nínú ojú ìjórin, nítorí pé bí kò bá sí rárá, irin náà lè sán nígbà tí ó bá ń dì. Nọ́ńbà fẹ́ráìtì láàárín 3 àti 8 ni ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ ń béèrè. Àmọ́ fẹ́ráìtì a máa gan bí òtútù bá pọ̀, nítorí náà ní ibi bí Bonny, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tí wọ́n ti ń sọ gáàsì di olómi ní ìwọ̀n 162°C sísàlẹ̀ òdo, òpin òkè nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì tó òpin ìsàlẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi òòlù dán irin ojú ìjórin wò nínú òtútù kí wọ́n tó gba ìlànà ìjórin náà wọlé.

Sténléèsì oríṣi 304 àti 316 a máa wú ju irin lásán lọ bí ó bá gbóná, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, ooru kì í sì í tètè sá kúrò lára rẹ̀, nítorí náà páìpù fẹ́lẹ́ a máa yí tàbí kí ó wọ́ bí iná bá pọ̀ jù. Wẹ́dà gbọ́dọ̀ fi ìjórin kéékèèké di etí méjèèjì mú ní ibi púpọ̀ ju bí yóò ṣe ṣe fún irin lásán, kí ó sì jẹ́ kí ìpele kan tutù sí nǹkan bí 150°C kí òmíràn tó gùn ún.

Àbùkù tí B31.3 gbà fún iṣẹ́ lásán kò pọ̀. Sísán kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí irin méjèèjì kò ti yọ́ pọ̀. Lára ojú ìjórin àyípo, ó gbà kí iná kùnà láti dé ìsàlẹ̀ fún ìwọ̀n tí kò jìn ju mílímítà 1 lọ, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju mílímítà 38 lọ nínú 150. Ó sì gba kòtò díẹ̀ tí iná jẹ sí etí, tí òun náà kò jìn ju mílímítà 1 lọ. Lára ojú ìjórin gbọọrọ, kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Gíga tí ojú ìjórin yọ ju ara páìpù lọ kò gbọ́dọ̀ kọjá mílímítà 1.5 bí ara páìpù bá jẹ́ 6 tàbí kí ó dín, àti 3 bí ó bá ju 6 lọ dé 13. Fún inú páìpù, ó dára kí olùrà béèrè ohun tí ó kéré sí èyí, nítorí pé ìdọ̀tí máa ń dúró lẹ́yìn ìyọsókè, abẹ́ ìdọ̀tí sì ni ìpẹtà ti ń rí àyè.

Ní ti ọ̀nà àyẹ̀wò, ìyẹ̀fun irin tí wọ́n fi òòfà pín lójú irin lásán kò wúlò níhìn-ín, nítorí òòfà kò mú sténléèsì yìí. Aró pupa tí ń wọ inú ojú sísán ni wọ́n ń lò fún ojú òde, kí ó sì jẹ́ èyí tí kò ní kílóráìdì púpọ̀. Ìró tí etí kò lè gbọ́, tí ó rọrùn lára irin lásán, a máa fọ́n ká lára hóró ńláńlá inú ojú ìjórin sténléèsì, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀rọ àti ìmọ̀ tí ó yẹ lè ka ariwo hóró sí àbùkù. Fọ́tò X-ray ṣì ni ó ṣeé gbọ́kàn lé jù fún ara tí kò nípọn. B31.3 kò béèrè ju ìdá 5 nínú 100 ojú ìjórin àyípo lọ fún iṣẹ́ lásán, èyí tí olùrà lè fi kún bí ohun inú páìpù bá léwu.

Ibi tí ojú ìjórin gbọọrọ wà nígbà tí wọ́n bá to páìpù náà jẹ́ ọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Ojú ìjórin gbọọrọ páìpù kan kò gbọ́dọ̀ bá ti èkejì mu ní ìlà kan, nítorí pé ibi tí ojú ìjórin mẹ́rin bá ti pàdé ni sísán ti ń rọrùn. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ gé ihò ẹ̀ka páìpù sórí rẹ̀ bí ó bá ṣeé yẹra fún. Bí páìpù bá dùbúlẹ̀, ìdí rẹ̀ ni omi kíkù àti ìyanrìn ń gbé, nítorí náà apá òkè ni kí ojú ìjórin wà, níbi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní agogo mẹ́wàá àti agogo méjì, ní ìyàtọ̀-síra láti orí páìpù kan dé èkejì.

Omi ìdánwò ni ó kẹ́yìn, òun sì ti ba páìpù tuntun jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn. Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ń béèrè ìfúnpá tí kò dín ní ìlọ́po kan àbọ̀ èyí tí páìpù yóò gbé, ṣùgbọ́n kílóráìdì inú omi náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ ṣe ń béèrè. Ní agbègbè ẹ̀bá òkun bí Lekki, níbi tí omi kànga lè ní iyọ̀ nínú, kí wọ́n gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó fà á sínú páìpù. Bí ìdánwò bá ti parí, kí wọ́n tú omi náà dànù, kí wọ́n sì fẹ́ páìpù gbẹ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí inú omi tí ó dúró máa ń fẹ́ràn etí ojú ìjórin, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò tí ẹnu rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí inú rẹ̀ sì gbòòrò.

Kí olùrà tó gba iṣẹ́, ó yẹ kí ìwé ẹ̀rí páìpù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà irin tí wọ́n fi ṣe é, àmì wẹ́dà tí ó jó ojú ìjórin kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà fọ́tò rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ ọ́síjìn inú gáàsì wà pa pọ̀ sínú àwòrán kan tí ó fi ibi tí ojú ìjórin gbọọrọ kọ̀ọ̀kan wà hàn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí páìpù náà bá ti wà lábẹ́ aṣọ ìdáàbòbò, tí ẹnì kan sì fẹ́ gé ẹ̀ka tuntun sí i, àwòrán yìí ni yóò sọ fún un ibi tí kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgéhò lé.